Ìròyìn Tó Yẹ Kó Ṣáájú Ọkọ̀ Dé Ore

Bí tírélà bá yọnu lóru láàárín Ore àti Ọmọ́tóṣọ̀ọ́, ohun àkọ́kọ́ tí mọ́tò-bọ́ì máa ń wá kì í ṣe sípánà. Ewé ni. Á bẹ́ sínú igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á fi àdá gé ẹ̀ka tútù mẹ́ta mẹ́rin, á sì tẹ́ wọn sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé nǹkan ń bẹ níwájú. Kò sí dẹ́rẹ́bà tí kò gbọ́ èdè yẹn, ì báà jẹ́ Ìgbò tó ń ti Onitsha bọ̀, Hausa tó kó màlúù láti Kano, tàbí ọmọ Ìkálẹ̀ tó ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Èkó. Kí fóònù tó dé ni wọ́n ti ń fi ewé ránṣẹ́ síra wọn. Iná iwájú ọkọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì á ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kó o rọra, ọlọ́pàá ti dúró sábẹ́ igi, tàbí pé ọkọ̀ kan ti dojú dé.

Ewé kò burú. Ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sí ló ń pa èèyàn. Ọkọ̀ tó bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 28 ló ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú dẹ́rẹ́bà tó rí ewé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, bí ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ ti lọ, ọkọ̀ sì ti jẹ mítà 42. Bíréèkì á wá gba bíi mítà 55 mìíràn kí ọkọ̀ tó dúró, ìyẹn bí títì bá gbẹ tí táyà sì dára. Àpapọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ kó tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Ewé tí wọ́n wá tẹ́ sí ogún mítà lẹ́yìn tírélà tí kò níná lẹ́yìn, dẹ́rẹ́bà á rí i dáadáa, ṣùgbọ́n rírí rẹ̀ kò wúlò mọ́.

Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ààbò òpópónà ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ tó ń mú arúfin ni wọ́n sábà máa ń sọ: rédà tó ń wọn eré, kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà tó mọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ẹni tó ni ín. Gbogbo wọn ló wúlò. Ṣùgbọ́n ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́, tàbí tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́, ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ohun tí dẹ́rẹ́bà àti èrò ń wá ní òpópónà Ṣàgámù sí Bìní ni ọ̀rọ̀ tó máa ṣáájú wọn dé ibi ewu, nígbà tí àyè ṣì wà láti dín eré kù tàbí láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń wá ibi tó ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Ore ni.

Oríta ló sọ Ore di ńlá. Òpópónà márosẹ̀ tó ti Èkó àti Ṣàgámù bọ̀ gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Bìní, sí Onitsha, sí Port Harcourt. Ọ̀nà Àkúrẹ́ àti Oǹdó gba Odigbo sọ̀ kalẹ̀ wá já sí i, ọ̀nà Òkìtìpupa náà já sí i láti ìsàlẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, lóṣù kẹjọ ọdún 1967, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo, ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣáájú wọn bọ́ sí lẹ́yìn tí wọ́n gba Bìní, nítorí pé ẹni tó bá gba oríta Ore ti rí ọ̀nà Èkó àti ti Ìbàdàn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dá wọn dúró. Títí di òní, bí nǹkan bá le, ìjà Ore ni àwọn àgbà fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀.

Lónìí, oúnjẹ ló ń dá ọkọ̀ dúró ní Ore. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ńláńlá tó ń ti Èkó lọ sí ìlà-oòrùn, àtàwọn tó ń ti ọ̀hún bọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sinmi. Kọ́ńdọ̀ á pariwo pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Kí ọkọ̀ tó dúró tán, àwọn ọlọ́sàn, oníìpékeré, ẹlẹ́pà àti olómi inú ọ̀rá ti yí fèrèsé ká, wọ́n ń na ọwọ́ sókè. Nínú búkà, iyán ń bẹ, ẹran ìgbẹ́ ń bẹ fún ẹni tí kò bẹ̀rù iye tí wọ́n ń tà á. Lẹ́yìn búkà, níbi tí èrò kì í fi bẹ́ẹ̀ wò, àwọn tó ń ta paragà ti to ìgò wọn sórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan tó sì ń mu níbẹ̀ ló máa padà lọ wa ọkọ̀. Mi ò mọ ẹ̀rọ tó lè borí bẹ́ǹṣì yẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ kò bá gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sí àwọn dẹ́rẹ́bà bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́. Ẹni tó ń lọ á kí ẹni tó ń bọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn. Báwo lọ̀nà?”

“Ọ̀nà ò da o. Tírélà kan ti ṣubú lẹ́yìn Ofosu, wọ́n ti ń gba wọ́n-wéè. Ẹ má sáré dé kọ́nà yẹn.”

Bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn ojú ọ̀nà nìyẹn. Ó péye, ó bọ́ sásìkò, ẹni tó fojú rí i ló ń sọ ọ́, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Àbùkù kan ló ní: inú búkà ló ń parí sí. Ẹni tó gba orí afárá tó wà ní oríta Ore kọjá láìdúró kò gbọ́. Ẹni tó ń ti Oǹdó sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ kò gbọ́. Èrò ogójì tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì dẹ́rẹ́bà tó gbọ́ pàápàá kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà wọn kò lè rán an létí bó bá gbàgbé.

Wọ́n-wéè yẹn ní ìtàn. Nígbà kan, ọ̀nà gan-an ni ìjàǹbá. Ẹni tó bá ń lọ sílé fún Kérésìmesì lè sùn sínú ọkọ̀ láàárín Ore àti Bìní kí ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀, nítorí pé apá kan títì ti di ọ̀gbun, gbogbo ọkọ̀ sì ń du apá kejì ní iwájú àti ẹ̀yìn. Diezani Alison-Madueke, tó di mínísítà ètò ìrìnnà ní 2007, lọ wo ọ̀nà náà, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ẹkún mínísítà kò dí kòtò. Iṣẹ́ àwọn kọngila, RCC wà lára wọn, ló wá tún ibi púpọ̀ ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ibòmíràn sì tún ti ń jẹ. Oríta Ore fúnra rẹ̀ kò dára tẹ́lẹ̀: ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ láti Bìní, ọlọ́kadà tó ń sọdá, ìyá tó gbé igbá sórí, ojú kan ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ Rótìmí Akérédolú ló kọ́ afárá síbẹ̀ tó pín ọkọ̀ sí òkè àti ìsàlẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni afárá pẹ̀lú, ó sì ní ìwà kan tí mo fẹ́ràn: kì í béèrè bóyá dẹ́rẹ́bà lọ́gbọ́n lórí kó tó ṣiṣẹ́.

Ohun kan wà tí mi ò lè fò dá. Ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo tí Ore wà nínú rẹ̀ yìí kan náà ni Agbabu wà, níbi tí ọ̀dà tí wọ́n fi ń tẹ́ títì ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún kí epo rọ̀bì tó jáde ní Oloibiri ní 1956 tí oníṣòwò kan tó ń jẹ́ John Simon Bergheim ti ń gbẹ́lẹ̀ kiri agbègbè náà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ rẹ̀, Nigerian Bitumen Corporation. Bergheim kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1912, nígbà tí mọ́tò ṣì jẹ́ ohun ìran. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ sì dá iṣẹ́ náà dúró ní 1914. Ọ̀dà Agbabu ṣì wà nílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, òkè òkun sì ni Nàìjíríà ti ń ra ọ̀pọ̀ èyí tó fi ń dí kòtò.

Iye èèyàn tí ọ̀nà ń gbé mì lọ́dọọdún, àríyànjiyàn ni. Ní 2016, 5,053 ni àkọsílẹ̀ Nàìjíríà kà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìṣirò tirẹ̀ fún ọdún kan náà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018, ohun tó kọ síbẹ̀ ni 39,802. Kì í ṣe pé ẹnì kan ń purọ́. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń ka ẹni tó bá lójú títì. Ẹni tí wọ́n gbé kúrò níbẹ̀ láàyè tó wá kú sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kẹta, ẹni tí ẹbí gbé lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn egungun, ẹni tí ọkọ̀ gbá lọ́nà oko tí ẹ̀ṣọ́ kankan kò dé, ta ló máa kọ wọ́n sílẹ̀? Kọ̀ǹpútà tó gbọ́n jù lọ láyé kò lè sọ ibi tí ewu wà lójú ọ̀nà bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan nínú mẹ́jọ ló ń rí.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì ọdún 1988, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ti mọ irú rẹ̀ ṣáájú. Láti 1977 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà tirẹ̀, àwọn tí ará ìlú ń pè ní Májàmájà, Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí rẹ̀. Òun náà ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe alága àkọ́kọ́ fún FRSC, tí Olú Agunlóyè, ọmọ Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, sì ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Lónìí, FRSC ní nọ́ńbà 122 tí èèyàn lè pè láìsan owó. Nọ́ńbà 112 wà fún gbogbo pàjáwìrì. Wọ́n ní áàpù lórí fóònù, wọ́n ní rédíò tiwọn tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà lórí 107.1 ní Àbújá, gẹ́gẹ́ bí Èkó ṣe ní tirẹ̀ lórí 96.1 láti 2012. Ẹ̀ka wọn wà ní Ore. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ wọ ọkọ̀ pé kí ni nọ́ńbà FRSC, ojú lásán ni wọ́n fi ń wò mí. Rédíò Àbújá àti ti Èkó kò sì dé inú igbó Ọmọ́tóṣọ̀ọ́.

Ẹ̀rọ tí FRSC fi ariwo gbé jáde jù lọ ni èyí tó ń dín eré kù. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ó ń ka eré ọkọ̀. Bó bá ti dé òǹkà tí wọ́n fi dè é, á dín epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kù, dẹ́rẹ́bà ì báà tẹ ẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kanlẹ̀. Òfin ìrìnnà wa fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní 100 kìlómítà lórí òpópónà márosẹ̀, bọ́ọ̀sì àti takisí ní 90, tírélà àti tánkà ní 60. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sún ọjọ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e fún ọkọ̀ èrò. Ẹ dúró sí etí títì ní Ore fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ wo bí bọ́ọ̀sì akérò ṣe ń fò kọjá, ẹ̀yin náà á mọ ibi tó já sí. Rewáyà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á já okùn kan, ó parí. Dẹ́rẹ́bà ní owó tó gbọ́dọ̀ san fún ọlọ́kọ̀ lójúmọ́, owó yẹn kì í sì í dín kù nítorí pé ọkọ̀ rọra sáré.

Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ yẹn wà, ibi tí ojú èrò kò tó. Ká ní wọ́n gbé òǹkà eré sókè níwájú ọkọ̀, kó tóbi, kó pupa, kí ìyá tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè kà á bó ṣe ń lọ láti 90 sí 110 sí 130, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Kẹ́ńyà kọ́ wa ní nǹkan lórí èyí. Ní 2004 ni ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo mátátù, danfo tiwọn, ní ẹ̀rọ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n sá ju 80 kìlómítà lọ. Ó kọ́kọ́ mú ìyípadà wá, lẹ́yìn náà àwọn rewáyà ibẹ̀ náà kọ́gbọ́n. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni James Habyarimana àti William Jack, olùkọ́ méjì ní Georgetown University ní Amẹ́ríkà, lẹ sítíkà sínú mátátù tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ohun tí sítíkà náà ń sọ kò ju pé kí èrò má dákẹ́ bí dẹ́rẹ́bà bá ń wakọ̀ ìwàkuwà. Kí dẹ́rẹ́bà má bàa ya á dànù, wọ́n ń ṣe tẹ́tẹ́ oríire lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn tí sítíkà ṣì wà nínú ọkọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n wo ìwé àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, ìjàǹbá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ béèrè owó nínú àwọn ọkọ̀ tó ní sítíkà ti fi ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta dín kù. Bébà àti gọ́ọ̀mù ṣe ohun tí wáyà kò lè ṣe.

Mo gba èyí gbọ́ nítorí mo mọ bó ṣe ń rí nínú ọkọ̀ tiwa. Ìyá kan á kọ́kọ́ sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Dẹ́rẹ́bà, ẹ rọra o, a ò lé ẹnì kankan.” Bí kò bá sí ẹni tó gbè é lẹ́sẹ̀, ìdáhùn á yá: “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń gba ọ̀nà yìí.” Ọ̀dọ́kùnrin kan lè tún ní kí wọ́n fi dẹ́rẹ́bà sílẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́ta bá fohùn sí i, ẹsẹ̀ á kúrò lórí epo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dẹ́rẹ́bà á máa kùn títí dé Bìní. Iṣẹ́ sítíkà ni láti fún ìyá yẹn ní ẹlẹ́gbè kó tó lanu. Sítíkà Yorùbá, Ìgbò àti pijin, tí nọ́ńbà 122 wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan: owó tí wọ́n fi ń ṣe ìpàdé kan lórí ààbò ojú ọ̀nà ní hòtẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ọkọ̀ tó ń gba Ore kọjá.

Ẹni tó bá ní ẹbí ní London á ti gbọ́ nípa M25, òpópónà tó yí ìlú náà ká. Láti 1995 ni wọ́n ti ń fi pátákó oníná yí òǹkà eré padà níbẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti ń kó jọ níwájú, kí ẹni tó ṣì wà lẹ́yìn dín eré kù kó tó rí wọn. Ohun tí ewé ń gbìyànjú láti ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú àyè tó tó. Àwọn òyìnbó wá gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ jù. Wọ́n gba etí ọ̀nà tí ọkọ̀ tó bá yọnu ń yà sí, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n ní rédà á rí ẹni tó bá dúró, pátákó á sì ti ọ̀nà náà. Ọkọ̀ dúró, nígbà mìíràn ẹ̀rọ kò tètè rí i, tírélà gbá a, èèyàn kú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí Ore pẹ̀lú ẹ̀rọ olówó gọbọi, ohun tí màá kọ́kọ́ bi í ni ibi tí tírélà tó yọnu máa yà sí, àti ẹni tó máa wá fà á kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn ìyẹn ni sẹ́lótéèpù ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà, pupa àti funfun, tí kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó táyà kan. Bí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá ti kàn án láti ọ̀nà jíjìn, ó ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà sójú ẹni tó tàn án. Ọ̀pọ̀ tírélà tó ń gba Ore kọjá, ẹrẹ̀ ti bo tiwọn, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ ní in.

Ṣé fóònù tó wà lọ́wọ́ wa kò tó ni? Google Maps ń fi ìrìn fóònù àwọn tó wà lójú ọ̀nà mọ ibi tí ọkọ̀ ti dúró. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège nínú igbó, tí fóònù tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò sì pọ̀, kì í rí ohun tó tó láti sọ, ọ̀nà tó ti dí á sì máa hàn lójú fóònù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. WhatsApp ní ìṣòro òdìkejì, ariwo ti pọ̀ jù níbẹ̀. Fídíò ìjàǹbá ọdún mẹ́ta sẹ́yìn á tún jáde bí ẹni pé àárọ̀ yìí ló ṣẹlẹ̀, ẹni tó gbé e kiri á ní bí òun ṣe rí i gbà lòun ṣe fi ránṣẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ ajínigbé, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù keje ọdún 2019, wọ́n yìnbọn pa ọmọbìnrin Bàbá Reuben Fáṣọ̀ràntì, tó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re nígbà náà, ní Kájọlà lọ́nà Ore. Ikú yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020. Láti ìgbà náà, gbogbo ariwo “wọ́n ti wà níbẹ̀ o” ló ń ba èrò lẹ́rù, òótọ́ ni o, irọ́ ni o. Dẹ́rẹ́bà tó bá gba irọ́ gbọ́ á tún tẹ epo sí i, á sì fi eré bọ́ sẹ́nu ewu tó wọ́pọ̀ ju ajínigbé lọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀: èrò tó ń kọ gbogbo ibi tó dé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ló ń kà á.

Ọ̀nà kan wà tí fóònù lè gbà sọ̀rọ̀ láìsí dátà, láìsí pé ẹnikẹ́ni forúkọ sílẹ̀. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lè fọ́n ọ̀rọ̀ kan náà sí gbogbo fóònù tó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìmọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Orílẹ̀-èdè Netherlands bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ìkìlọ̀ ní 2012, Amẹ́ríkà náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Fóònù á dún lọ́nà tí kì í gbà dún tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ á hàn, ó parí. Bí òpó tó wà ní Ore bá lè sọ pé tánkà kan ti ṣubú níwájú, gbogbo ẹni tó ń jẹun ní búkà á mọ̀ pa pọ̀, ìyá tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ á mọ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ará Ore gan-an nílò rẹ̀ ju èrò lọ. Ní oṣù keje ọdún 2023, tánkà epo bẹntiróòlù ṣubú níbẹ̀. Àwọn èèyàn gbé kẹ́ẹ̀gì jáde lọ gbọ́n epo, iná sì sọ, ó jó ọ̀pọ̀ wọn pa. Ìròyìn ti ṣáájú gbogbo ẹ̀ṣọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìròyìn pé epo wà nílẹ̀ ni. Èyí tí kò dé ni pé oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, pé ilẹ̀ ló ń rá bá kiri láìjẹ́ kí ojú rí i, títí á fi kan ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tó gbóná tàbí irin tó gbá irin. Ẹni tó bá wà ní ogún mítà sí epo tó dà ti wà nínú iná tí kò tíì ràn. FRSC ní ètò kan tó ń jẹ́ Safe-to-Load, tí wọ́n fi ń yẹ tánkà wò ní ibùdó epo kó tó gbé epo. Ìdérí tí kì í jẹ́ kí epo dà bí tánkà bá dojú dé wà lára ohun tó yẹ kí tánkà ní. Èmi ò ní bá ẹni tó gbọ́n epo jà. Mo mọ iye tí lítà kan jẹ́ lọ́dún yẹn, lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ.

Ohun tí mo rò pé ó rọrùn jù, tó sì ń sú mi pé a kò ṣe, ni nọ́ńbà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá pe 122 lálẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: “Ibo lẹ wà?” Láti Ore lọ sí Ofosu, igbó ló wà lọ́tùn-ún, igbó ló wà lósì. Á ní òun wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta á pọ̀. Á ní òun ti kọjá ṣọ́ọ̀ṣì kan. Wọ́n á wá máa wá ara wọn kiri, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ìfarapa tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ Olúṣẹ́gun Mímíkò kọ́ sílùú Oǹdó, bíi wákàtí kan sí Ore, ń dúró de ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ní òpópónà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pátákó kékeré kan wà ní mítà 500, 500, nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀, ẹni tó pè á kà á, wọ́n á sì mọ ibi tó wà àti apá tó kọjú sí.

FERMA, àjọ tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní 2002, ló ń tọ́jú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ kò sì lè kàn dédé kọ nǹkan sórí rẹ̀ láìgba àṣẹ. Kí FERMA fún ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àṣẹ náà, kí FRSC Ore ṣe àwòrán rẹ̀. Ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì kò nílò kọngila láti òkè òkun. Àwọn ọ̀dọ́ Odigbo tó ń kọ orúkọ sójú ṣọ́ọ̀bù lè kọ ọ́ sára irin àti kọ́ńkéré etí ọ̀nà, láti abẹ́ afárá Ore títí dé ààlà Ẹdó, ní apá méjèèjì, kí wọ́n sì tún un kọ bí òjò bá fọ̀ ọ́.